Ikú Omi Lórí Ilẹ̀ Gbígbẹ: Àgbéyẹ̀wò Láti Akówọnjọ

Kò sí ọ̀sà ní Akówọnjọ, kò sí òkun, kò sì sí èbúté tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí. Láti Dọ̀pẹ̀mú títí dé Ẹgbẹ́dá, ohun tí ojú ń rí ni títì, dánfó, kẹ̀kẹ́ Márúwá, ṣọ́ọ̀bù tó fara ti ṣọ́ọ̀bù àti ilé tó wà lẹ́yìn ilé. Bí ẹnìkan bá dá ọ̀rọ̀ àwọn tí omi ń pa sílẹ̀ níbẹ̀, wọn yóò ní kó gba Mákòkó lọ, tàbí Ìkòròdú, tàbí Ẹ̀pẹ́, níbi tí àwọn apẹja àti ọlọ́kọ̀ ojú omi wà. Ìdáhùn yẹn kò tọ̀nà, òun ló sì ń jẹ́ kí àwọn ọmọ kéékèèké máa kú láìsí ẹni tó ń kà wọ́n. Ní irú àdúgbò báyìí, omi tó ń pani ni kànga ẹ̀yìnkùlé, bọ́kẹ́ẹ̀tì balùwẹ̀, gọ́tà tí wọn kò dé, àti kòtò ìpìlẹ̀ ilé tí wọn kò kọ́ tán. Ọ̀rọ̀ ìlera ni, ọ̀rọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ni, àmọ́ ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ ọkọ̀ ojú omi la gbé e lọ, a sì rò pé a ti ṣe tán.

Iye tí ayé kà, àti èyí tí kò kà

Oṣù Kọkànlá ọdún 2014 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, kọ́kọ́ gbé odindi ìròyìn jáde lórí ikú omi. Iye tí wọ́n rí nígbà náà ni 372,000 ènìyàn lọ́dún kan. Nígbà tí wọ́n tún gbé òmíràn jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, iye náà ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 300,000 fún ọdún 2021. Ènìyàn bí ọgbọ̀n nìyẹn ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Nínú 100 tó kú, 92 jẹ́ ará àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò ti pọ̀ lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún. Láàárín àwọn ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin, omi ló wà ní ipò kẹrin nínú ohun tó ń pa wọ́n jù láyé. Láàárín àwọn ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́rìnlá, ipò kẹta ló wà.

Apá tó kàn wá ló le jù. Láàárín ọdún 2000 sí 2021, ikú omi fi ìpín 68 nínú 100 dín kù ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ní Áfíríkà, ìpín 3 péré ló fi dín. Áfíríkà náà ló ga jù lágbàáyé: ènìyàn 5.6 nínú 100,000 lọ́dún kan. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka èèyàn tó lé ní 1,270,000 sí Alímọ̀ṣọ́, ìjọba ìbílẹ̀ tí Akówọnjọ wà lábẹ́ rẹ̀. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kò gba òǹkà yẹn. Tiwọn lé ní mílíọ̀nù méjì. Bí a bá fi èyí tó kéré jù nínú méjèèjì ṣírò, tí a sì lo ìwọ̀n Áfíríkà, iye àwọn tí omi ń pa ní Alímọ̀ṣọ́ yóò lé díẹ̀ ní 70 lọ́dún. Ìṣirò lórí ìwé nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò ka òkú kankan. Ẹnìkan lè ní ìwọ̀n tó kó àwọn ará etí òkun mọ́ra kò bá wa mu; ẹlòmíràn lè dá a lóhùn pé èrò Alímọ̀ṣọ́ ti pọ̀ fíìfíì ju ti 2006 lọ. Àwọn méjèèjì lè máa jiyàn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, nítorí ìwé tó yẹ kó parí ìjà wọn, ìwé ikú ti àdúgbò, kì í gba irú ikú bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ déédéé.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ tó ń ka òǹkà WHO kò fura sí. Ọ̀nà tí wọ́n gbà pín ikú sí ìsọ̀rí kò ka ẹni tí ọkọ̀ ojú omi dà nù mọ́ ọn, kò ka ẹni tí omíyalé gbé lọ, kò sì ka ẹni tó pa ara rẹ̀ tàbí tí wọ́n tì sómi. Gbogbo 300,000 yẹn, láìsí ìwọ̀nyí ni. Ní ilẹ̀ tí ọkọ̀ ojú omi àti omíyalé ti ń pa tó báyìí, apá tí wọ́n yọ sílẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ní ọdún 2022, omíyalé pa ju 600 ènìyàn lọ káàkiri Nàìjíríà. Nínú oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń kó àwọn tó ń sá fún omi dà ní Ogbaru, Ìpínlẹ̀ Anambra, ènìyàn 76 sì bá a lọ. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, àwọn tó lọ sí ìgbéyàwó ní abúlé Egboti ní Ìpínlẹ̀ Niger ń padà bọ̀ sí agbègbè Pàtígì ní Kwara; ọkọ̀ wọn dà lórí odò Ọya, ó ju ọgọ́rùn-ún lọ nínú wọn tó kú. Omíyalé la pe ti àkọ́kọ́, ìjàǹbá ọkọ̀ la pe méjì tó kù.

Òkú tí orúkọ mìíràn bò

Èyí tó sún mọ́ Akówọnjọ jù nínú irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní í ṣe pẹ̀lú òjò tàbí ọkọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2002, ilé tí wọ́n ń kó ohun ìjà pamọ́ sí ní bárékè ológun Ìkẹjà gbaná. Àdó olóró ń bú gbàmù, fèrèsé ń fọ́ ní àdúgbò tó jìnnà, ará ìlú kò sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Àwọn kan ní ogun dé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sá gba apá Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò lọ, ilẹ̀ sì ti ń ṣú. Kanáálì Òkè Àfá wà lójú ọ̀nà wọn. Koríko omi tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Nàìjíríà lójú omi Àgbádárìgì ní ọdún 1984 ti bo ojú kanáálì náà pátápátá, ó tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ bí ilẹ̀ oko. Ẹni tó wà níwájú gbẹ́sẹ̀ lé e, ó rì. Ẹni tó wà lẹ́yìn kò rí i, ó ń tì wọ́n síwájú, àwọn ìyá pọn ọmọ, wọ́n fa òmíràn lọ́wọ́. Ó lé ní 1,000 ènìyàn tó kú ní alẹ́ ọjọ́ náà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún nínú wọn ni iná tàbí irin bọ́m̀bù kò sì bà. Inú omi ni wọ́n kú sí.

Títí di òní, bọ́m̀bù Ìkẹjà ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ẹ̀kọ́ tí a fà yọ níbẹ̀ ni ti ohun ìjà tí kò yẹ kó wà láàárín ìlú, ẹ̀kọ́ náà sì dára. Ti omi jíjìn tó gba àárín ilé kọjá láìní ọgbà, tí ẹnikẹ́ni kò lè dá mọ̀ sí ilẹ̀ lálẹ́, kò gba ìdá kan nínú mẹ́wàá àròyé náà. Ojú ọ̀nà kan náà ni Òkè Àfá àti Ìkọ̀tún wà, Alímọ̀ṣọ́ sì ni Ìkọ̀tún.

Bí ikú ọgọ́rọ̀ọ̀rún bá lè wọ abẹ́ orúkọ mìíràn, kí ni ká ti wí nípa ọmọ ọdún méjì kan tó já sí kànga? Ìwé ìròyìn kì í sáà gbé e. Àwọn òbí rẹ̀ kò fẹ́ ariwo, onílé kò fẹ́ ọlọ́pàá, àwọn àgbà àdúgbò á bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tètè sin ín. Bí wọ́n bá jẹ́ Mùsùlùmí, kí oòrùn tó wọ̀ ni. Ní ibi tí àṣà àtijọ́ ṣì ti múlẹ̀, òkú omi kì í wọ ilé rárá: etí omi ni wọ́n ń sin ín sí, pẹ̀lú ètùtù. Kò sí ilé ìwòsàn tó rí i, kò sí dókítà tó kọ ohun tó pa á. Òfin ọdún 1992 sọ fíforúkọ ìbí àti ikú sílẹ̀ di dandan jákèjádò Nàìjíríà. Òfin ọdún 2007 tó dá ètò kóróná, ìyẹn aṣèwádìí ikú, sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó sì ní kí wọ́n fi gbogbo ikú tí kò wá bó ṣe yẹ tó aṣèwádìí náà létí. Kò sí ẹni tó lè ní kíkú sínú kànga kò wọ abẹ́ òfin yẹn. Àmọ́ ẹni tó ti sin ọmọ rẹ̀ kì í wá ọ́fíìsì kiri.

Ohun tí a kò kà, a kì í ya owó sọ́tọ̀ fún. Ohun tó dá ikú omi yà sí ibà àti onígbáméjì nìyí. Wọ́n ní ìwé, wọ́n ní nọ́ọ̀sì, wọ́n ní ẹni tí wọ́n máa bi léèrè bí iye àwọn tó ń kú bá gòkè.

Ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan àti omi tirẹ̀

Ìròyìn láti ilẹ̀ púpọ̀ fohùn ṣọ̀kan lórí kókó kan: bí ọmọ bá ṣe kéré tó ni omi tó ń pa á ṣe ń sún mọ́ ilé tó. Ẹ wo ilé fẹ́ésì-mí-áì-fẹ́ésì-yú kan, irú èyí tó wà ní ẹ̀yìn títì káàkiri Alímọ̀ṣọ́. Mẹ́rúwà ti ti ọmọlanke kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ wọlé láàárọ̀. Ìyá ọmọ ra omi, ó dà á sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà onílítà 20, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọmọ oṣù mẹ́rìnlá láyà. Ike kékeré kan ń léfòó lójú omi, ọmọ fẹ́ mú un, ó tẹ̀ síwájú. Orí ọmọ ọwọ́ wúwo lórí ara rẹ̀, apá rẹ̀ kò sì tíì gbó tó láti ti ara padà sókè. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tí omi kún kì í ṣubú nítorí pé ọmọ fara tì í, kò ní dànù kó gbà á. Kò sí ariwo, nítorí ẹni tí omi wọ̀ nímú kò rí èémí tó máa fi ké. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin sí mẹ́fà tí ọpọlọ kò bá rí atẹ́gùn, ó ti ń bàjẹ́. Ìyá tó ń ro àmàlà lórí sítóòfù kò tíì rò ó tán.

Kànga ló tẹ̀ lé e. Omi ẹ̀rọ ìjọba kò dé ọ̀pọ̀ ojúlé ní Alímọ̀ṣọ́, nítorí náà olúkúlùkù onílé ló ń wa omi tirẹ̀. Kànga tó dára ní ẹnu tí wọ́n fi kọnkéré mọ sókè dé ìbàdí àgbàlagbà, ó ní ọmọrí irin àti àgádágodo. Èyí tó wọ́pọ̀ kò ga ju orúnkún lọ, páànù tó ti jẹrà ni wọ́n fi dé e, gúgà àti okùn rẹ̀ wà lórí páànù náà, òkúta kan ló sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta lè gun orí rẹ̀ láti wo àwòrán ara rẹ̀ nínú omi. Nígbà tí onílé bá wá rí owó gbẹ́ bóhóòlù, ewu náà kì í lọ. Ńṣe ló máa ń pọ̀ sí i. Kò sí ẹni tó ń fa omi níbẹ̀ mọ́, nítorí náà kò sí ẹni tó ń wò ó. Páànù á jẹ tán, koríko á hù bo ẹnu rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni sọ́kàwé tí bíríkì orí rẹ̀ ti sán, àti kòtò ìpìlẹ̀ tí ẹni tó ń kọ́lé fi sílẹ̀ títí owó yóò fi dé, tí òjò oṣù Kẹfà sì ti rọ kún.

Nígbà tí ọmọ bá dàgbà dé ilé ẹ̀kọ́, omi tirẹ̀ ni gọ́tà. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Ẹ̀bi àwa onílé níbẹ̀ hàn gbangba. A gbé bíríkì orí gọ́tà kúrò láti kó ẹrẹ̀ inú rẹ̀, a kó ẹrẹ̀ náà sẹ́bàá rẹ̀, a kò sì dá bíríkì padà. Òjò rọ̀, títì àti gọ́tà di ojú omi kan ṣoṣo, ọmọ tó ń ti lẹ́sìn bọ̀ sì ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2011, òjò àrọ̀ìdá kan ní Èkó pa ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà báyìí, ọmọdé sì wà nínú wọn. Àgbàlagbà náà kò yọ. Omi tó ń sáré, tí kò tíì dé orúnkún, lè gbé ènìyàn ṣubú. Èyí tó ga tó 30 sẹ̀ǹtímítà lè gbé ọkọ̀ kékeré kúrò lójú títì. Awakọ̀ tó ní òun mọ ọ̀nà náà kò mọ ohun tí omi ti wú kúrò lábẹ́ rẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ ni omi ìgbádùn ń pa: adágún ìwẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì àti nílé ẹ̀kọ́ tí kò ní olùṣọ́ tó mọ̀ ọ́n wẹ̀, àti òkun ní ọjọ́ tí ìdánwò bá parí. Ìgbì tó fa sẹ́yìn ló máa ń gbé wọn lọ, ẹni tó ń bá a jìjàkadì láti padà tààrà sí etíkun ló sì ń tètè rẹ̀. Láàárín àwọn àgbàlagbà, ẹ̀ka kan wà tí a kì í fẹ́ sọ: ẹni tó ní wárápá. Ìwádìí láti ilẹ̀ òkèèrè fi hàn pé ewu ikú omi wọn fi ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀ ju ti ẹlòmíràn. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó dá fa omi nínú kànga, kò sì yẹ kó ti ìlẹ̀kùn balùwẹ̀ mọ́ra. Oògùn rẹ̀ tí kò gbọdọ̀ tán nílé jẹ́ ara ohun tó ń dènà ikú omi.

Kádàrá àti ọmọrí kànga

Kò sí àgbéyẹ̀wò tó lè fo ohun tí a gbà gbọ́. Wọ́n á ní Mámí Wọ́tà ló mú un, wọ́n á ní ayé ló ṣe é, wọ́n á ní bí Ọlọ́run ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Nígbà mìíràn ìyàwó kékeré ni wọ́n á nàka sí. Ó rọrùn fún ẹni tó kàwé láti fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n àwọn baba ńlá wa kò fi ọ̀rọ̀ omi ṣeré: odò ní ọjọ́ tí a kì í lọ síbẹ̀, ó ní ibi tí ọmọdé kì í dé, ó ní àwòrò tó ń rí sí i. Èèwọ̀ wọ̀nyí ṣe iṣẹ́ ọgbà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé èèwọ̀ odò kò tẹ̀ lé wa dé ìdí kànga ẹ̀yìnkùlé. Ìgbàgbọ́ àti ọmọrí irin kò sì ní ìjà. Ẹni tó gbà pé ayé ló ń ti ọmọ sí kànga mọ̀ pé kànga tí a fi àgádágodo tì kò ṣeé ti ọmọ sí. Ibi tí ọ̀rọ̀ kádàrá ti ń ṣèpalára gan-an ni ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí gbogbo ilé ti gba fún Ọlọ́run, tí páànù jíjẹrà náà ṣì wà lórí kànga.

Ohun tó ti ṣiṣẹ́ níbòmíràn

Ilẹ̀ tó kọ́ ayé lẹ́kọ̀ọ́ jù lórí èyí ni Bangladesh, ilẹ̀ adágún àti odò tí kò lówó púpọ̀. Ní agbègbè Matlab, tí wọ́n ti ń ka ìbí àti ikú ojúlé sí ojúlé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ikú omi kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ikú àwọn ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin ní ọdún 1983. Nígbà tó fi di ọdún 2000, ó ti ju ìdajì lọ. Omi kò pọ̀ sí i níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára àti omi iyọ̀-òun-ṣúgà ti lé àwọn àrùn mìíràn sẹ́yìn, omi nìkan ni kò sí ẹni tó lé. Ohun tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa nìyẹn bí ètò abẹ́rẹ́ wa bá ṣe ń dára sí i.

Wọ́n wádìí, wọ́n rí i pé aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí aago kan ọ̀sán ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń kú, nígbà tí ìyá wà nídìí iṣẹ́ ilé, tí ẹ̀gbọ́n ti lọ sílé ẹ̀kọ́. Nítorí náà wọ́n dá jẹ́léósinmi abúlé sílẹ̀ fún wákàtí yẹn gan-an: obìnrin àdúgbò kan tí wọ́n kọ́, yàrá kan nílé rẹ̀, àwọn ọmọ tí kò ju bí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ. Ikú omi láàárín àwọn ọmọ tó ń lọ síbẹ̀ fi nǹkan bí ìpín 80 nínú 100 dín kù. Àwọn tó ti tó ọdún mẹ́fà, wọ́n fi ọparun ṣe ọgbà sínú adágún abúlé, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní wíwẹ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 2022, ìjọba wọn gba ètò náà wọlé: jẹ́léósinmi 8,000 fún ọmọ 200,000. Bangladesh àti Ireland náà ló ṣáájú ìpinnu tí Àpapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé ṣe ní oṣù Kẹrin ọdún 2021, tó sọ ọjọ́ 25 oṣù Keje di ọjọ́ dídènà ikú omi lọ́dọọdún.

WHO ti kó ohun tó ń ṣiṣẹ́ jọ sí mẹ́fà: dídí ọ̀nà tí ọmọdé fi ń dé ìdí omi, ibi tí wọ́n ti ń mójú tó ọmọ tí kò tíì tó ilé ẹ̀kọ́, kíkọ́ ọmọ ilé ìwé ní wíwẹ̀, kíkọ́ ará ìlú bí wọ́n ṣe ń yọni àti bí wọ́n ṣe ń dá èémí padà, òfin ọkọ̀ ojú omi tó múná, àti ìmúrasílẹ̀ fún omíyalé. Àríyànjiyàn tó gbóná jù wà lórí ìkẹta. Àwọn kan ní kí gbogbo ọmọ lọ kọ́ wíwẹ̀, àwọn mìíràn ní òmùwẹ̀ ní ń bómi lọ. Àwọn méjèèjì ní òótọ́ tiwọn. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti lé aláwọ̀ dúdú kúrò ní adágún ìwẹ̀ ìlú fún ìran púpọ̀, ikú àwọn ọmọ dúdú tó jẹ́ ọdún mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá nínú adágún ìwẹ̀ ju ìlọ́po méje ti ọmọ aláwọ̀ funfun lọ. Ní Britain, ẹgbẹ́ Black Swimming Association, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2020, ń pariwo pé 95 nínú 100 àgbàlagbà dúdú ní England kì í wẹ̀, àwọn ọmọ wa tó wà ní Peckham sì wà lára wọn. Fún wọn, ẹ̀kọ́ wíwẹ̀ ni oògùn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè kọ́ ọmọ oṣù mẹ́rìnlá bí yóò ṣe wẹ̀ jáde nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Fún Akówọnjọ, ìkíní àti ìkejì ló yẹ kó ṣáájú.

Àwọn aláṣẹ, àti ibi tí àṣẹ wọn mọ

Èkó kò jókòó lásán. Òfin ọdún 2008 dá LASWA sílẹ̀ fún ojú omi Ìpínlẹ̀ Èkó, NIWA sì wà fún ti ìjọba àpapọ̀. Wọ́n ń béèrè ẹ̀wù láìfù-jákẹ́ẹ̀tì lára èrò, wọ́n ka ìrìn àjò òru léèwọ̀, wọ́n sì ń lé àwọn tó ń kó èrò ju àyè lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àjọ méjèèjì fi wà ní kóòtù lórí ẹni tó ni omi, títí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fi dá NIWA láre ní oṣù Kìíní ọdún 2024. LASEMA àti àwọn panápaná ń dáhùn ìpè pàjáwìrì, àjọ tó ń rí sí ààbò ní ìpínlẹ̀ sì ń sọ̀rọ̀ lórí adágún ìwẹ̀. Gbogbo wọn ní iṣẹ́ tiwọn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ọmọrí kànga ilé kan ní Akówọnjọ jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹni tó ń rí ìyá àti ọmọ náà déédéé wà níbòmíràn: nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé. Gbogbo ìyá tó bá tẹ̀ lé ètò abẹ́rẹ́ Nàìjíríà ló ń gbé ọmọ wá fún abẹ́rẹ́ éèyí ní oṣù mẹ́sàn-án, tó tún gbé e wá ní oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Oṣù mẹ́sàn-án ni ọmọ ń rá, oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó ti ń sáré. Àárín méjèèjì gan-an ni omi inú ilé bẹ̀rẹ̀ sí í pani. Nọ́ọ̀sì á béèrè nípa àpò ẹ̀fọn, á béèrè nípa ọmú, á wọn ọmọ. Bó bá fi kún un pé, “Ṣé kànga wà nílé yín? Ṣé ó ní ọmọrí tó ń tì? Ta ló ń wo ọmọ bí ẹ bá wà nídìí ọjà?” ìṣẹ́jú kan ni, kò sì ná ìjọba ní kọ́bọ̀.

Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́

Bí ìdènà bá kùnà, ẹni tó wà nítòsí ni dókítà. Ilé Ìwòsàn Ìjọba Alímọ̀ṣọ́ wà ní Ìgándò, ẹni tó bá mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Ẹgbẹ́dá sí Ìkọ̀tún mọ̀ pé ọpọlọ ọmọ kò lè dúró de ọkọ̀. Ohun tí a sábà máa ń ṣe ni kí a dorí ọmọ kodò, kí a máa gbọ̀n ọ́n, tàbí kí a tẹ ikùn rẹ̀ kí omi lè jáde. Èyí ń fi àkókò ṣòfò, ó sì lè mú kí èébì wọ ẹ̀dọ̀fóró. Omi tó wà níkùn kọ́ ló ń pa á. Atẹ́gùn tí kò wọlé ni. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ tó le, ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè. Bí kò bá mí, ẹ di imú rẹ̀, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, kí àyà rẹ̀ sì máa wú. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ àárín àyà rẹ̀ kíákíá ní ìgbà ọgbọ̀n, ẹ fẹ́ atẹ́gùn ní ẹ̀ẹ̀mejì, kí ẹ sì máa tún un ṣe títí ìrànwọ́ yóò fi dé. Kí ẹlòmíràn pe 767 tàbí 112. Bí ọmọ bá lajú, tó sunkún, ilé ìwòsàn náà ló ṣì ń lọ, nítorí ẹ̀dọ̀fóró lè yí padà lẹ́yìn wákàtí mélòó kan.

Ẹni tó fẹ́ yọni náà gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2021, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ Nàìjíríà kan, ẹni ogún ọdún, bẹ́ láti orí London Bridge sínú odò Thames láti gba obìnrin kan là. Wọ́n yọ obìnrin náà láàyè, òun kú. Akin ni, ìlú sì bọlá fún un, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn tó ń yọni ń kọ́ni ni pé kí a ju nǹkan sí ẹni tó ń rì kí a tó ronú àtibẹ́. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 tó ṣófo, tí a dé lẹ́nu dáadáa, tí a so okùn mọ́, ń gbé àgbàlagbà léfòó. Kò sì sí ilé tí kò ní kẹ́ẹ̀gì. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ wọ kànga láìso okùn mọ́ra, nítorí atẹ́gùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè máà ṣeé mí.

Ohun tó kù fún Akówọnjọ

Kò sí ohun kan nínú gbogbo èyí tó ń dúró de owó ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn wolé-wolé ti ní àṣẹ láti wọ ọgbà onílé. Kí wọ́n ka kànga ojúlé kọ̀ọ̀kan, kí onílé tí kànga rẹ̀ kò ní ọmọrí irin gba ìwé ìkìlọ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí a dá fún un, kí èyí tí wọn kò lò mọ́ sì di dídí pátápátá. Ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé lè fi í sínú òfin àdúgbò wọn pé ẹni tó bá gbé bíríkì gọ́tà ló ń dá a padà kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Àwọn ìyá ọjà, tí wọ́n ti ń bá ara wọn wo ọmọ tipẹ́, lè gba yàrá kan àti obìnrin kan tí ìjọba ìbílẹ̀ yóò máa san nǹkan fún, láti aago mẹ́sàn-án sí aago kan. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ní gbọ̀ngàn, wọ́n sì ní èrò. Ọjọ́ kan lọ́dún tó láti kọ́ ìjọ bí wọ́n ṣe ń dá èémí padà. Ọjọ́ 25 oṣù Keje bọ́ sí àárín òjò, ó dára fún un.

Àmọ́ bí a bá ní kí ìjọba ìbílẹ̀ ṣe ẹyọ kan ṣoṣo, ìwé kíkà ni ká béèrè. Kí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kọ̀ọ̀kan ní ìwé tí olórí àdúgbò, lémọ́mù, pásítọ̀ àti ìyá ọjà lè mú ikú omi wá sí láìsí ìbẹ̀rù ọlọ́pàá: ọjọ́ orí, irú omi, aago, kò ní orúkọ nínú. Ọdún kan péré, a ó mọ̀ bóyá kànga ló ń pa jù tàbí gọ́tà, a ó mọ àdúgbò wo. Nígbà náà, bí alága bá ka ètò ìnáwó rẹ̀ tí ọmọrí kànga kò sí níbẹ̀, a ó ní iye tí a lè fi bi í léèrè.